“Ẹ Di Ẹrù Yín, Ó Dọ̀la”

(Ẹ̀yìnkùlé kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, nírọ̀lẹ́. Àbẹ̀ní ń bó ẹ̀gúsí. Àjàní àbúrò rẹ̀, tó ti Florida dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, jókòó tì í.)

ÀBẸ̀NÍ: Àjàní, ọdún mẹ́rin lo lò lọ́hùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kó mọ́tò bọ̀ wálé, fíìmù ni ìwọ kó dé. Mo sì jókòó wo èyí tó o gbé kalẹ̀ lánàá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò rí ilé ńlá kan, mi ò rí mọ́tò gidi kan. Ṣé Amẹ́ríkà nìyẹn?

ÀJÀNÍ: Amẹ́ríkà tí mo gbé nìyẹn, Àǹtí mi. Èyí tó kù, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń rí i, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí i.

ÀBẸ̀NÍ: Bá mi bó ẹ̀gúsí, má wò mí lẹ́nu. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tó ń tutọ́ sórí mọ́tò onímọ́tò, kí lorúkọ ẹ̀?

ÀJÀNÍ: Moonee. Brooklynn Prince ló ṣe é, ọmọ kékeré ni nígbà yẹn. The Florida Project lorúkọ fíìmù náà, ọdún 2017 ni Sean Baker gbé e jáde. Kissimmee ni wọ́n ti yà á, lójú títì 192 tí èmi náà ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Disney World tí gbogbo ayé ń wọ bàálù wá gbafẹ́. Ọmọ ẹlòmíì ń ti òkèèrè wá ṣeré níbẹ̀, ọmọ tó ń gbé nítòsí kò rówó wọlé!

ÀBẸ̀NÍ: Mo rí tọkọtìyàwó Brazil yẹn! Wọ́n gbé báàgì sọ̀kalẹ̀, wọ́n rò pé inú Disney làwọn ti máa sùn, àfi mótẹ́ẹ̀lì elésè àlùkò tí Moonee ń gbé. Ìyàwó bú sẹ́kún. Mo rẹ́rìn-ín títí.

ÀJÀNÍ: Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàwó yẹn kò lè sùn mọ́jú, ibẹ̀ làwọn kan ti ń tọ́mọ.

ÀBẸ̀NÍ: Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Ẹni tó bá lè máa san owó hòtẹ́ẹ̀lì, kí ló dé tí kò gba yàrá bíi ti gbogbo ayé?

ÀJÀNÍ: Kí wọ́n tó fún yín nílé lọ́hùn-ún, wọ́n á gba owó oṣù kan, wọ́n á gba owó ìdúró lé e, wọ́n á béèrè ìwé iṣẹ́, wọ́n á tún yẹ̀ yín wò bóyá ẹ ti jẹ gbèsè rí.

ÀBẸ̀NÍ: Àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n tiwa náà nìyẹn.

ÀJÀNÍ: Ó jọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kó gbogbo ẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan á máa sanwó yàrá díẹ̀díẹ̀ títí oṣù á fi pé. Tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀, ó lè ju owó ilé lọ. Ẹ rántí ibi tí Bobby, alábòójútó mótẹ́ẹ̀lì, ti ní kí Moonee àti Halley ìyá ẹ̀ kó jáde fún alẹ́ kan?

ÀBẸ̀NÍ: Mo rí i. Mo ṣe bí gbèsè ni wọ́n jẹ.

ÀJÀNÍ: Rárá o. Kí wọ́n má bàa di ayálégbé ni. Tí èèyàn bá pẹ́ jù nínú yàrá kan, òfin lè kà á sí ilé ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lé e jáde á kọ́kọ́ dé kóòtù. Nítorí náà, kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á ní kó kó ẹrù jáde, kó lọ sùn níbòmíì, kó padà wá lọ́jọ́ kejì bí àlejò tuntun. Ẹ wo bí Halley ṣe gbé ẹrù lọ sí mótẹ́ẹ̀lì kejì, tí àwọn yẹn ti fi owó lé owó yàrá. Nítorí alẹ́ kan ṣoṣo!

ÀBẸ̀NÍ: Yàrá tó ti sanwó ẹ̀? Tó sì tún máa padà sí?

ÀJÀNÍ: Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà. Àǹtí mi, èmi ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn.

ÀBẸ̀NÍ: Ìwọ kẹ̀?

ÀJÀNÍ: Ní mótẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń tún yàrá ṣe. Ọ̀gá á fún mi ní nọ́ńbà àwọn yàrá tí ọjọ́ wọn ti pé, màá kan ilẹ̀kùn, màá ní, “Ẹ di ẹrù yín, ó dọ̀la.” Ìyá kan wà níbẹ̀ tó bí ọmọ méjì. Lọ́jọ́ kan, kí n tó sọ̀rọ̀ tán, èyí àgbà ti ń kó ìwé ilé-ìwé ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Ó ti mọ ohun tí mo wá sọ. Mo tún yàrá yẹn ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo mọ ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀, mi ò mọ orúkọ wọn. Ọjọ́ tí mo wo fíìmù yìí, tí Bobby dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Ó láàánú jù mí lọ pàápàá: ó fẹ́ fi owó ara ẹ̀ kún owó alẹ́ yẹn fún wọn. Èmi kò fi kọ́bọ̀ kún un rí.

ÀBẸ̀NÍ: Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún lo ṣe. Owó tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi tún òrùlé yìí kàn.

ÀJÀNÍ: Mo mọ̀, Àǹtí mi.

ÀBẸ̀NÍ: Ibi tí ọ̀rọ̀ Halley ti wù mí ni ti lọ́fíńdà. Ó rà á lọ́pọ̀, ó ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ fáwọn àlejò níwájú hòtẹ́ẹ̀lì olówó, ọmọ ń bá a polówó. Mo ní obìnrin yìí á là. Àfi bí sekiúrítì ṣe lé e dànù. Bí wọ́n ṣe ń lé wa ní ọjà Dùgbẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àmọ́ kí abiyamọ wá máa gbé ọkùnrin wọ yàrá tí ọmọ ẹ̀ ń wẹ̀ nínú báfù? Mi ò lè bá a kẹ́dùn.

ÀJÀNÍ: Mi ò ní kẹ́ ẹ yìn ín. Baker náà kò yìn ín.

ÀBẸ̀NÍ: Kò sì bá a wí! Nínú fíìmù tiwa, àìsàn á ti dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kó sáré lọ bá pásítọ̀, kó jẹ́wọ́, ká ṣe àmín.

ÀJÀNÍ: Ẹ̀yin á wá dìde, ẹ ó lọ sùn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti parí lọ́kàn yín. Baker kò jẹ́ kó parí! Obìnrin tó ń ṣe nǹkan burúkú yẹn náà ló ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré nínú òjò. Ẹ rí i? Wọ́n wá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ dúpẹ́ ni tàbí kẹ́ ẹ sunkún! Ìdí tí mo fi kó irú fíìmù yìí wálé nìyẹn!

ÀBẸ̀NÍ: Má pariwo mọ́ mi nílé mi.

ÀJÀNÍ: Ẹ má bínú.

ÀBẸ̀NÍ: Ta ló tiẹ̀ ń fún wọn lówó irú fíìmù báyìí?

ÀJÀNÍ: Owó wọn kì í tó nǹkan. Fóònù iPhone ni Baker fi ya Tangerine, tó jáde ní 2015. Fóònù náà ló fi yọ́ ya òpin èyí tẹ́ ẹ wò lánàá, ibi tí àwọn ọmọ méjì yẹn ti ń sáré wọ Disney, kò gbàṣẹ. Bria Vinaite tó ṣe Halley, kò ṣe fíìmù rí, orí Instagram ni Baker ti rí i. Ní 2025, Baker kan náà gba Oscar mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí Anora. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì kì í rí bẹ́ẹ̀. Charles Burnett, akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA ló wà nígbà tó ya Killer of Sheep, nípa aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran ní Los Angeles. Owó orin tó wà nínú ẹ̀ ni kò rí san, ó di 2007 kí fíìmù náà tó wọ sinimá.

ÀBẸ̀NÍ: Nítorí orin? Ẹ ò rí ayé. Kò sí tiwa níbẹ̀ ni?

ÀJÀNÍ: Ó wà. Andrew Dosunmu, ọmọ Nàìjíríà. Mother of George, 2013. Yorùbá ni wọ́n nínú ẹ̀, ní Brooklyn. Bukky Ajayi ló ṣe ìyá ọkọ.

ÀBẸ̀NÍ: Bukky Ajayi tó ń ka ìròyìn láyé ijọ́un? Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

ÀJÀNÍ: Àmín. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ: George. Wọn ò tíì gbé ìyàwó wọlé. Adenike ni ìyàwó náà, Danai Gurira ló ṣe é.

ÀBẸ̀NÍ: Ìyá George.

ÀJÀNÍ: Ẹ̀yin ò tiẹ̀ nílò àlàyé! Ó gba orúkọ kó tó gba ọmọ. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, oyún ò dé. Ọkọ kọ̀, kò fẹ́ kí dókítà yẹ òun wò. Ìyá ọkọ wá pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀, ó ní kó lọ bá àbúrò ọkọ, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

ÀBẸ̀NÍ: ...

ÀJÀNÍ: Ìwà ìkà gbáà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fíìmù náà.

ÀBẸ̀NÍ: Ìkà kọ́. O ò mọ nǹkan kan. Ojú ń pọ́n ìyá yẹn náà.

ÀJÀNÍ: Àǹtí mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n bá Halley wí?

ÀBẸ̀NÍ: Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ ni ìyá ọkọ mi ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì. Ọdún mẹ́sàn-án. Lójú ọjà, níbi òkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fi ṣàdúrà fún mi ni, ó fẹ́ràn mi. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀ lókèèrè, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ.

ÀJÀNÍ: Mi ò mọ̀.

ÀBẸ̀NÍ: Ibo lo ti fẹ́ mọ̀? Ilé-ìwé lo wà. Ṣé Adenike yẹn... ṣé ó gbà?

ÀJÀNÍ: Ó—

ÀBẸ̀NÍ: Má sọ ọ́. Gbé ẹ̀gúsí yìí wọlé, kó o lọ tan jẹnẹrétọ̀.