Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyá Mi

Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ mẹ́ta ni ó wà ní iyàrá mi, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe aránṣọ. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé-àṣẹ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ara àgbà inú tèmi fi hàn pé ọdún 1889 ni a ṣe é. Mo nu ìpáàrà rẹ̀, mo pààrọ̀ awọ tí ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì tún ń ránṣọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, irú rẹ̀ ni ìyá mi fi san owó ilé-ìwé mi. Nígbà tí ó kú, àwa ọmọ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí òmíràn, etí pákó rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa, bóyá n ó bá ibi tí mo fi ọ̀bẹ gé nígbà èwe, tí ìyá torí rẹ̀ nà mí.