Ilé Kékeré Lẹ́yìn Ọkọ̀: Láti Ìlọrin dé Jẹ́bà

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òwò ń gbé kiri mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ yóò ṣú síni lọ́nà, tí kò sì ní sí ilé tí a lè yà sí. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ mú ẹ̀yin ìyá àti aya ilé dé Ìlọrin, kí a jọ wo bí a ti ń kan ilé kékeré sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù.

Ìlọrin yẹ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti ara ìlọ irin, ibi tí a ti ń lọ irin kí ó lè mú, ni orúkọ ìlú náà ti wá. Oríta òwò ni pẹ̀lú: ẹni tí ó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá sí Bodè Sáàdù, níbi tí iṣu gbé pọ̀, títí dé Jẹ́bà létí Odò Ọya. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908. Nígbà tí ó ṣe, bọ̀lẹ̀kájà gba ojú títì, ó sì di ọkọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ẹ́ńjìnnì àti egungun ọkọ̀ náà, bí i ti Bedford, ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ni bọ̀lẹ̀kájà. Píkọ́ọ̀pù kékeré kò lè ru irú pákó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n yòówù tí ilé náà bá wọ̀n, ara iṣu tàbí aṣọ òfì tí à bá kó ni a ti yọ ọ́. Bí orí ọkọ̀ bá sì wúwo jù, ọkọ̀ lè dojú dé níbi ìyípo ọ̀nà. Pláíwúùdù kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní 4, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 6, wọ̀n tó kìlógíráàmù 11. Èyí tí ó nípọn ní mìlímítà 18 tó 32. Ẹ ka iye tí ogiri mẹ́ta àti òrùlé yóò gbà, ẹ ó rí ìyàtọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi igi tẹ́ẹ́rẹ́, íǹṣì 2 sí 2, ṣe egungun ilé náà. Gọ́ọ̀mù àti sùkúrù ni kí ó fi so ó, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà a máa tú ìṣó. Pláíwúùdù fẹ́lẹ́ ni kí ó fi ṣe ogiri, kí ó sì fi ọ̀dà kun etí rẹ̀ dáadáa, torí etí ni omi ń gbà wọlé. Tapólì tó fún òrùlé, ṣùgbọ́n kí ó dagun: omi lítà kan wọ̀n tó kìlógíráàmù kan, adágún orí òrùlé sì lè wó o. Bóòtì ni kí ó fi dè é mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ènìyàn méjì lè gbé e kúrò lọ́jọ́ tí ẹrù bá ga.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí. Kí fèrèsé méjì kọjú síra, kí a ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí wọn, kí a má sì dí wọn pa nítorí otútù ọyẹ́. Ẹ má gbé ìkòkò ìdáná eléèédú tàbí sítóòfù wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti ara iná wọ̀nyí jáde kò ní òórùn, a kì í rí i, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú ilé náà, pàápàá ọmọdé. Ọgbà ẹni tí ẹ mọ̀, tàbí gáréèjì tí ó ní ọdẹ, ni kí ẹ sùn sí. Ẹ má ṣe sùn sí ẹ̀bá títì.

Ẹni tí ó bá kan ilé tí ó fúyẹ́, tí ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn, yóò sùn ní Jẹ́bà, yóò sì jí.