Alẹ́ Tí Omi Wọ Inú Oríkì

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan. Lálẹ́ Sátidé, omi ẹ̀rọ amúlétutù da sórí tábìlì wa. Ìwé tí a kọ oríkì sí, èyí tí a gbà lẹ́nu ìyá àgbà kan fún iṣẹ́ àṣekágbá wa, rin gbingbin.

A kọ́kọ́ ní gáàsì ló tán. Ṣùgbọ́n yàrá ṣì ń tutù dáadáa. Ògiri tí ẹ̀rọ náà wà ò kan ìta, páǹpù kékeré kan ló ń ti omi rẹ̀ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. A pa iná, a ṣí ike páǹpù: ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀, tó yẹ kó gbéra bí omi bá ti ń pọ̀ kí páǹpù lè ṣiṣẹ́, ti lẹ̀ mọ́ inú èérí tó ń yọ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, a fi ẹnu fẹ́ rọ́bà (ẹ má bi wá bó ṣe rí lẹ́nu), a tan iná padà, a bu omi ife kan sí i. Páǹpù kùn. Omi jáde síta.

A sá ìwé sórí okùn aṣọ. Ojú ewé mẹ́ta ò ṣeé kà mọ́. Lọ́la, a ó padà lọ bẹ màmá kí wọ́n bá wa tún un kì.