Rédíétọ̀ ni yẹn!

Iṣẹ́ rédíétọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Owó tí wọ́n ń rí nídìí jíjó rédíétọ̀ àti fífọ̀ ọ́ ni wọ́n fi rán mi wá kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, oníbàárà kan sọ fún wọn pé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ti ń wọlé, kò ní ẹ́ńjìnnì, kì í sì í mu epo. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn ò ti balẹ̀. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, tí ò bá sí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná mọ́, ta ni yóò gbé rédíétọ̀ wá fún mi?"

Mi ò mọ èsì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì, mo sì lọ kà nípa rẹ̀.

Ohun tí mo rí ni mo jókòó sọ fún wọn. Bátìrì náà ń gbóná. Yálà ọkọ̀ ń sáré ni o, tàbí à ń ṣáájì rẹ̀, bí iná ṣe ń gba inú bátìrì kọjá ni ooru ń jáde. Tí a bá ń ṣáájì rẹ̀ kíákíá, ooru náà á tún lé sí i. Bó bá ń gbóná jù, á tètè gbó. Bó bá sì tutù bíi yìnyín, ṣíṣáájì rẹ̀ lè bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń ṣọ́ ọ, tó ń dín iná tó ń wọlé kù bí ooru bá ti pọ̀.

Nissan Leaf tó jáde ní 2010 kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Atẹ́gùn nìkan ló gbójú lé. Nígbà tó di 2012, àwọn tó ń wà á ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín, ń ké pé bátìrì àwọn ti ń gbó láìtọ́jọ́. Ní ti Tesla, omi tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ ló ń gba àárín bátìrì kọjá. Páǹpù ló ń tì í. Bó bá ti gba ooru tán, á lọ sí iwájú ọkọ̀, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí...

Bàbá mi dá mi dúró. "Rédíétọ̀ ni yẹn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá iná inú rẹ̀ lè pa èèyàn. Mo ní ó lè pa èèyàn: púpọ̀ nínú wọn tó nǹkan bíi 400 volt, ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn ní Yorùbá.

Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn títí di òní, epo ti kùn ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́ ọkọ̀ oníná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.