Irin Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Fi Sílẹ̀

Kí wọ́n tó ṣí afárá Kennedy ní Niamey, olú-ìlú Niger, ní 1970, ọkọ̀ ojú omi ni ìyá tó ń gbé Harobanda, ní òdìkejì odò, fi ń gbé ọmọ rẹ̀ kọjá odò Ọya lọ bá dókítà. Bó bá jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ náà jà, tí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, àdúrà ìyá kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wọlé, tí ọmọ béèrè oúnjẹ, ó parí. Ta ló ń ro ti irin nígbà náà? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni kò pẹ́ láyé débi tí irin yóò fi yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ṣì ń dùn mí.

Lónìí, afárá Niamey ti di mẹ́ta, ilé ìwòsàn Lamordé wà ní Harobanda gan-an. Ọmọ ń dàgbà, ó ń ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé irin tó tó 200 mílígíráàmù wọ ara, ara ò sì ní ọ̀nà tí yóò gbà dà á nù. Inú ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń kó sí; bó bá pọ̀ jù, ó lè dé ọkàn.

Àwọn alárùn thalassaemia, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá mìíràn, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù láti kékeré, ló kọ́kọ́ jìyà èyí. Nígbà náà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bù lára ẹ̀dọ̀ wọn láti fi wo bí irin ṣe pọ̀ tó. Ní 2001, Lisa Anderson, Dudley Pennell àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, lè rí irin inú ọkàn láìgún ẹnikẹ́ni: bí irin bá ṣe pọ̀ tó ni àmì tí ẹ̀rọ ń gbà lára ṣe ń yára kú. Bí àkókò tí àmì náà fi ń kú kò bá tó 20 mílísẹ́kọ́ǹdì, irin ti wọ ọkàn. Tí kò bá tó 10, ewu ńlá ni, wọ́n á fi kún oògùn tó ń kó irin jáde. Ikú àrùn ọkàn dínkù gan-an láàárín àwọn alárùn náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀dọ̀ ni irin ń bá jà ju ọkàn lọ. Àyẹ̀wò ferritin, èròjà tó ń tọ́jú irin, nínú ẹ̀jẹ̀ sì lè tan dókítà jẹ, torí bí àrùn bá dìde, iye ferritin lè ròkè láìjẹ́ pé irin pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwòrán MRI, tó lè wọn irin inú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú, fi tọ́ sí ọmọ Harobanda bó ṣe tọ́ sí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti iye àpò ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ yín gbà sínú rẹ̀, kí dókítà lè rí i. Ẹ̀yin aláṣẹ, níbikíbi tí ẹ̀rọ MRI bá wà, ẹ fi ètò ìwọn irin kún un, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù fún àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀.