Mo Fẹ́ Fi Bíréèkì Gba Ọ̀rẹ́ Mi Là

Àwọn kan nínú yín ń bi mí pé kí ni mò ń wá kiri ní pápá bàálù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Hẹlikópítà wíwà ni mò ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá.

R44 ni wọ́n fi ń kọ́ wa, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ alápá méjì. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ yìí kì í dúró. Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ ológeere: bí ẹ kò bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́, táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Ohun tó ń yí bí 400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, eré rẹ̀ kò lè tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí bíréèkì fi wà lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì. Ọwọ́ tí a fi ń fà á wà lókè àjà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá kú, a gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ká tó fà á, ká sì rọra fà á. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé, bíréèkì lè bàjẹ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń jà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ni mo rí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ń sáré bọ̀ wá kí mi, agboòrùn lókè orí. Àyà mi já. Mo nawọ́ sí bíréèkì. Ọ̀gá mi gbá ọwọ́ mi kúrò, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀rẹ́ mi pé kó dúró. Ó dúró gbọnin.

Ọ̀gá wá bi mí pé, "Ká ní o fà á, ìgbà wo ni ì bá dúró?" Mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ì bá ti dé abẹ́ rẹ̀. Eré ló ń mú kí abẹ̀bẹ̀ nà tàntàn. Bí eré bá ti ń dín kù, atẹ́gùn lè tì í wálẹ̀ dé ibi orí ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ní tòun, nítorí pé ó ń yí jẹ́jẹ́ ni òun kò ṣe bẹ̀rù!

Nígbà tó dúró tán, mo fi bíréèkì sílẹ̀ ní fífà kí atẹ́gùn má baà yí i. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì pàápàá kò ní gbà láti ṣí. A jẹ mọ́ínmọ́ín tí ó gbé wá, ó ti tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò mí, kó dúró lẹ́yìn ọgbà. Èmi ni n ó wá bá a.