Ṣakabùlà Nínú Ọyẹ́ Òkè-Ògùn

Ẹni tí kò bá tíì jí ní agbègbè Ṣakí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ọyẹ́. Ní Ìbàdàn, ètè á kàn gbẹ, a ó fi òrí pa á, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ní Òkè-Ògùn, afẹ́fẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ á gbé eruku tó kúnná bí èlùbọ́ dání. Òwúrọ̀ á tutù débi pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kúrò nídìí iná. Koríko tó ga ju ènìyàn lọ ní ìgbà òjò á gbẹ, wọn á dáná sun ún, ọ̀dàn á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láti ìdí igi òrí kan dé ìdí igi irúgbá kejì. Ìgbà yẹn ni ojú ọdẹ ń tó ọ̀nà jíjìn. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìbọn yíyìn.

Èdè Yorùbá ni mo kà ní ifásitì. Mo ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, mo sì gba máàkì tó dára nínú ìdánwò rẹ̀. Mo mọ oríkì ẹtu, mo mọ ti àgbọ̀nrín, mo tilẹ̀ lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìjálá àti ìrèmọ̀jé tí wọ́n ń sun nígbà tí ọdẹ bá kú. Ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ ní abúlé kan láàrin Ṣakí àti Àgó-Àmọ́dù, pé mo fẹ́ bá wọn lọ sí oko ọdẹ lọ́dún yìí, ó pe oríkì mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ṣé o lè rìn?" Mo ní mo lè rìn. Kò béèrè bóyá obìnrin ni mí.

Àwa mẹ́rin la lọ: Bàbá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ọmọdékùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, àti èmi. Ilẹ̀ ìdílé wa ni a gbà lọ, nítorí Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ ààlà ṣeré. Ní ìhà ìlà-oòrùn wa ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká wà, ó fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lápò, nítorí òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun àjogúnbá kò nílò àṣẹ. Ó nílò rẹ̀.

Kí n sọ ti Bọ̀dá díẹ̀. Ìsẹ́yìn ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ta aṣọ òkè, orí fóònù rẹ̀ sì kún fún fídíò àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gun òkè nínú yìnyín láti lọ fi ráífù yìnbọn sí awo irin tó wà ní kìlómítà kan sí wọn. Ó fi hàn mí. Mo gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Inú ráífù ní ilà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, òun ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó kó lè lọ tààrà. Síbẹ̀, ilẹ̀ ń fà á: ọta tó bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan lójú afẹ́fẹ́ ti wálẹ̀ ní bíi mítà 5. Ẹni tó fẹ́ bá ohun tó jìnnà gbọ́dọ̀ yìnbọn sókè ohun tó ń wò, kó sì tún ṣírò atẹ́gùn mọ́ ọn. Inú ṣakabùlà ní tirẹ̀ ń dán borokoto, ọta rẹ̀ sì ń fọ́n ká. Bó bá ti kọjá bí àádọ́ta mítà, orí ló kù tó ń yan ibi tó máa bà.

"Bàbá," ni Bọ̀dá wí, "AK-47 ni àwọn ajínigbé gbé dání. Kí ni èyí lè ṣe fún wọn?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó ń ki ìbọn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ó ṣe ń ki í. Ó da ẹ̀tù láti inú àdó sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó dá díẹ̀ padà. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn á fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ó rọ ọ́ sẹ́nu ìbọn, ó fi àkísà tẹ̀lé e, ó fi ọ̀pá irin tì í títí ìró ọ̀pá náà fi yí padà. Ọta ló kàn, lẹ́yìn náà àkísà mìíràn. Ó yọ ọ̀pá, ó gbé e síbi tí gbogbo wa ti rí i. "Ẹni tó bá gbàgbé èyí sínú, òun náà á bá ọta jáde." Ìgbẹ̀yìn ló tó fi kápù sí i. Ó bu eruku, ó jẹ́ kó bọ́ láàrin ìka rẹ̀, ó wo ibi tó fẹ́ sí. Mo ní ṣé nítorí ọta ni. Ó ní rárá: "Òórùn wa ni atẹ́gùn ń gbé lọ fún ẹran. Ọta kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀."

Garawa àtijọ́ kan ni a so mọ́ ẹ̀ka irúgbá, mo sì dúró ní ìṣísẹ̀ 30 sí i. Ìdí ìbọn gbá mi léjìká bí ẹni pé màlúù tì mí, èéfín bo gbogbo ojú mi, garawa kò mira. Nígbà kẹrin ni ọta méjì lu ú. Ọmọdékùnrin náà pàtẹ́wọ́.

Bàbá wá gba ìbọn, ó lọ dúró ní ìṣísẹ̀ 50. Ó yìn ín, kò bà á. Ó tún un kì, kò bà á. Nígbà kẹta, tí èéfín ká kúrò, ó yíjú sí wa ó ní, "Ṣé ẹ ti tú garawa náà ni?"

Garawa wà níbẹ̀, oòrùn ń tàn yanran lára rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, mo rí i pé ohun funfun kan ti bo ẹyin ojú ọ̀tún, ti òsì sì ti ń tẹ̀lé e. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó ń ṣọ́ abúlé lálẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu Ìgangan ní ìlẹ̀ Ìbàràpá nínú oṣù Òkúdù 2021, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ abúlé wa kì í sùn tọkàntọkàn mọ́. Àwọn ọdẹ kan wọ Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn àgbà bíi tirẹ̀ dúró sílé.

Bọ̀dá ló kọ́kọ́ yanu. "Bàbá, ẹ dákun. Báwo lẹ ṣe ń ṣọ́ òru?"

"Mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fojú sun ẹnikẹ́ni. Etí mi ṣì ń gbọ́."

"Etí kì í fojú sùn, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tó ti ṣàṣìwí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rìn nínú igbó lóru ni ọ̀tá. Àwọn aboyún ń rin ọ̀nà yẹn lọ sílé ìwòsàn, àwọn Bòròró tí a ti mọ̀ látọdún pípẹ́ ń wá màlúù tó sọnù, àwọn ọmọ ń lọ yàgbẹ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àríyànjiyàn lórí ìbọn àtijọ́ àti ìbọn ìgbàlódé ni Bọ̀dá àti bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ráífù tó lọ jìnnà jù lọ láyé kò wúlò fún ojú tí kò rí ìṣísẹ̀ 50. Ó tilẹ̀ burú jù ú lọ.

Bọ̀dá kò sì lè kàn gba ìbọn náà, nítorí orúkọ Bàbá ló wà lórí ìwé àṣẹ. A jókòó sídìí irúgbá títí òùngbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wá. Nígbà tó yá, Bàbá ní òun yóò gbé ìbọn kọ́ ní yàrá, òun yóò máa bá àwọn yòókù jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà. Lójú ọ̀nà ilé, ó fà mí sẹ́yìn, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé wọ́n lè gé ohun funfun náà kúrò. Mo ní òótọ́ ni: wọ́n á yọ èyí tó ti di funfun, wọ́n á fi àtọwọ́dá sí i, iṣẹ́ náà kì í sábà tó wákàtí kan. Ó dákẹ́. Ó ní ṣé ènìyàn ṣì lè yìnbọn lẹ́yìn rẹ̀?

A ti gba ọjọ́ fún un ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ó ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n òun yóò bi dókítà léèrè, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun nípa ṣakabùlà rí.